Àdúrà Tí Ó Lórúkọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbé Ayé Joseph Ayọ̀ Babalọlá

Bíbélì Kíkà: Máàkù 10:46-52, Lúùkù 11:5-13, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 12:1-17

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ìjọ tí ń múra sílẹ̀ fún ìsọjí ní láti mọ ohun náà gan-an tí òun ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí àkókò ìsọjí bá ti ń súnmọ́, ìgbìmọ̀ a máa jókòó. Wọn a pe oníwàásù, wọn a háyà àga, wọn a sì lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri. Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ àdúrà, ọ̀pọ̀ wa kì í ní ju gbólóhùn kan lọ: kí Olúwa bù kún ìsọjí wa. Àdúrà náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsọjí bá parí, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá Ọlọ́run dáhùn? Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wá sọ́jà kò lè mọ̀ bóyá òun ti rí i rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbé ayé ọkùnrin kan tí ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé. Kì í ṣe ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni àwa gbà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá wà fún wa nínú bí ó ti fi àdúrà ṣáájú iṣẹ́.

ÌPÈ RẸ̀

Ní ọdún 1904 ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwara ti òde òní. Inú ìjọ C.M.S. ni àwọn òbí rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ni ó di òṣìṣẹ́ P.W.D., tí ń wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ọkọ̀ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ròyìn pé bí òun ti ń tún un ṣe ni òun gbọ́ ohùn tí ó pe òun ní orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó sì ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí ó fi kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ní ibi tí ọkọ̀ náà ti dúró sí ni yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà lónìí. Ọdún 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀.

ÀDÚRÀ TÍ Ó TI WÀ ṢÁÁJÚ

Àwọn kan ti ń gbàdúrà kí Babalọlá tó dé. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn òfìnkìn líle ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà. J. B. Sadare àti olùkọ́bìnrin ọ̀dọ́ kan, Sophia Odùnlámì, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a ń pè wọ́n. Ẹ kíyèsí i pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn gan-an ni wọ́n dárúkọ níwájú Ọlọ́run. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ náà, nítorí pé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, wọn kò gbà pé kí a máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Wọ́n wá darapọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1929 ni Babalọlá ṣe ìrìbọmi láàrin wọn.

Nítorí náà, nígbà tí iná ìsọjí ràn ní ọdún 1930, ọdún méjìlá ni àwọn ènìyàn ti fi ń kó igi jọ.

ÌSỌJÍ ILÉṢÀ

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí ìjọ náà péjọ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ròyìn pé Babalọlá gbàdúrà lórí ọmọ kan tí a ti kà sí òkú, ọmọ náà sì jí. Ìròyìn náà tàn. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ́ lọ sí Iléṣà láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń kó òrìṣà àti oògùn ìbílẹ̀ wọn wá láti jó níná. Láti ibẹ̀ ni ìsọjí ti dé Èkìtì àti ibòmíràn, pàápàá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Àwọn tí ó wá kò wá lásán. Afọ́jú mọ̀ pé ojú ni òun ń wá, àgàn mọ̀ pé ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bátíméù ṣe. Olúwa rí i pé afọ́jú ni, síbẹ̀ ó bi í ní ohun tí ó ń fẹ́. Ọ̀rẹ́ tí ó kanlẹ̀kùn lóru kò sì tọrọ oúnjẹ lásán. Ó sọ iye ìṣù àkàrà tí òun ń fẹ́.

KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ NI Ó RỌRÙN

Ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpósítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1932, wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Nígbà tí ó yá, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pínyà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì náà, lára ohun tí ó fà á sì ni lílo oògùn. Ibẹ̀ ni ìjọ C.A.C. ti jáde. Àwa Onítẹ̀bọmi kò rí ìjà láàrin àdúrà àti oògùn. Láti ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti ń fi méjèèjì ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959 ni Babalọlá kú ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Ìwó.

Àdúrà pàtó kì í ṣe àṣẹ tí a ń pa fún Ọlọ́run. Hẹ́rọ́dù pa Jákọ́bù. Pétérù ni ó jáde kúrò nínú túbú. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni ó rí gbà dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó mọ ohun tí òun bèèrè, ó mọ ìdáhùn nígbà tí ó dé.

BÍ A Ó TI ṢE É NÍ ÌJỌ WA

1. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ bèèrè, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn.

2. Ẹ dárúkọ ènìyàn: oníwàásù, ọmọ tí kò wá sí ìsìn mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bowen tí ẹ mọ̀. Ní Ìwó, Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ ń gbé agboolé kan náà. Ẹ fi ìfẹ́ dárúkọ aládùúgbò, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn.

3. Ẹ dárúkọ ìjà. Bí ọmọ ìjọ méjì kò bá kí ara wọn, ẹ má fi bò. Bí ẹni tí ń gbàdúrà bá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ó dìde kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún àdúrà tí ó lórúkọ: a máa rán ẹni tí ń gbà á níṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èéṣe tí Olúwa fi bi Bátíméù ní ohun tí ó ń fẹ́?

2. Ọdún mélòó ni àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde fi ṣáájú ìsọjí Iléṣà? Kí ni èyí kọ́ wa nípa sùúrù?

3. Ta ni orúkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọ inú ìwé àdúrà rẹ? Kí ni ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe fún un kí ọjọ́ ìsọjí tó pé?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù kọ orúkọ mẹ́ta kí ó tó kúrò ní kíláàsì, kí ó sì bẹ ọ̀kan nínú wọn wò kí ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé.