Teslim Balógun: Ààrá Orí Pápá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkéré-Èkìtì, tí a máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán nítòsí àpáta Olósùnta, bàbá mi àgbà a máa pe ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá le jù nínú wa ní Thunder. Àwàdà ni mo kà á sí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn kan ni wọ́n ń rántí.

Èkó ni wọ́n ti bí Teslim Balógun. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Rélùwéè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ààrá. Ní 1949, ó wà lára àwọn 18 tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ fi bọ́ọ̀lù dánrawò nílùú Ọba. Ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n fi 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà!

Ní 1955, ó padà lọ gbá fún Peterborough United, ó kọjá sí Skegness Town, ó sì dé Queens Park Rangers ní London ní 1956. Ìdíje líìgì 13 ni ó gbá níbẹ̀, bọ́ọ̀lù 3 péré ni ó sì gbá wọlé.

Ibí yìí ni èmi àti bàbá mi àgbà kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Wọ́n gbà pé òtútù ilẹ̀ òyìnbó ló pa ààrá náà, pé ì bá jókòó sílé níbi tí èrò ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. N kò gbà. Òyìnbó ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn 1949, Jack Finch tí ó ti gbá fún Fulham rí. Balógun ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Ṣé bọ́ọ̀lù 3 ni a ó fi díwọ̀n ìyẹn?

Ó kú ní 1972, kò tíì darúgbó. Pápá ìṣeré tí a fi sọ orí rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ó di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Bàbá mi àgbà ti lọ nígbà náà. A kò parí àríyànjiyàn wa.