Lott Carey àti Àwọn Ọmọ Tí Kò Ní Ilẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni a ti wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun kan pa ọ̀pọ̀ nínú wa pọ̀: nígbà tí a wà ní kékeré, iṣẹ́ oko ni àwọn olùkọ́ wa fi ń jẹ wá níyà. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, ọmọ tí kò mọ ìṣirò, ọmọ tí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ jà, ọkọ́ ni a ń fi lé wọn lọ́wọ́. Èmi pàápàá kọ ebè gbágùúdá títí mo fi kórìíra rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yà mí lẹ́nu, nígbà tí mo ka ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìlú Monrovia ní ilẹ̀ Làìbéríà, láti rí i pé oko etílé ni ó sọ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ìyá tí kò ní baba di ẹni tí ń bọ́ ìlú. Ìtàn ìgbésí ayé Lott Carey ni ó ṣí mi lójú sí ọ̀ràn náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1780 ni a bí Carey sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1804, olówó rẹ̀ rán an lọ sí ìlú Richmond láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá tí a ń kó tábà sí. Ìgboro fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ó ń mu ọtí, ó ń ṣépè, kò sì sí ẹni tí ó fojú sí i pé yóò wúlò. Ní ọdún 1807 ni ó gbọ́ ìwàásù lórí Nikodémù, ẹni tí ó lọ bá Jésù ní òru, ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Kò mọ̀wé rárá. Ó wá Májẹ̀mú Titun kan, ó sì ti inú ìtàn Nikodémù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà. Ó ń ta àwọn àjẹkù tábà tí wọ́n gbà á láyè láti kó, ó ń tọ́jú owó rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1813, ó fi 850 dọ́là ra ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn náà kà: baba fi owó ra ọmọ tí ó bí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1821, ó wọ ọkọ̀ ní Norfolk, ó ń bọ̀ wá sí Áfríkà láti wàásù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilé tábà fẹ́ fi kún owó rẹ̀ kí ó má ṣe lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Ní Freetown ni wọ́n gúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó kó wọn wá, American Colonization Society, kò tíì rí ilẹ̀ kankan gbà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Carey oníwàásù ṣe di alágbàṣe oko kí ó tó lè jẹun, níbẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sì kú sí. Ní ọdún 1822 ni ó dé Cape Mesurado, ibi tí a sọ ní Monrovia ní ọdún 1824.

Ilẹ̀ náà ní olówó rẹ̀, kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún ara wa. Ní oṣù kejìlá ọdún 1821 ni ọ̀gágun ojú omi kan, Robert Stockton, bá àwọn ọba Dei àti Bassa ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, ìtàn sì sọ pé ìbọn ni ó fi dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun dé lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 1822. Carey wà nínú àwọn tí ó jà á.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni mo rò sí jù. Jehudi Ashmun, òyìnbó tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ náà, fẹ́ tún ilẹ̀ pín. Ó sì pàṣẹ pé ẹni tí kò bá bá wọn ṣe iṣẹ́ ìlú kò ní gba oúnjẹ. Inú bí àwọn tí ó ti kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ti kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1824, wọ́n gbé ohun ìjà, wọ́n wọ ilé ìkó-oúnjẹ-sí, wọ́n sì kó ohun tí ó wà níbẹ̀. Carey wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n bá a wí púpọ̀ nítorí èyí, òun náà sì gbà lẹ́yìn náà pé òun ṣìṣe. Èmi kò lè yára dá a lẹ́bi. Ẹni tí a ti díye lé rí bí ẹrù, kò lè fẹ́ kí ẹlòmíràn máa wọn oúnjẹ fún un. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ inú oníwàásù.

Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ Cyrus kó ènìyàn 105 dé, ibà sì dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Kò sí dókítà. Carey, tí ó ti fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ìtọ́jú ibà, ni ó ń ti ilé dé ilé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1825 ni ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Monrovia fún ọmọ bí ogún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Cape Mount.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1820, ọkọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ ẹrú kan tí a ń pè ní Antelope ní ẹ̀bá Florida. Nǹkan bí 280 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n kó wọn lọ sí Savannah ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọdún méje nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ kú. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ náà ní ọdún 1825; a dá díẹ̀ nínú wọn padà sí oko ẹrú, a sì kó nǹkan bí 130 lọ sí Monrovia ní ọdún 1827. Ẹ fi ojú inú wò ó. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Èbúté tí wọ́n já a sí kì í ṣe ìlú baba rẹ̀, èdè ibẹ̀ kì í sì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgboro máa ń gbé mì.

Ashmun ni olórí nígbà náà, Carey sì ni igbákejì rẹ̀. Wọ́n fi àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sí ilé àwọn ará ìlú láti kọ́ṣẹ́; ní àwọn ilé kan, ìkọ́ṣẹ́ náà kò jìnnà sí ẹrú. Ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn mìíràn ní ilẹ̀ tiwọn ní etí odò tí a fi orúkọ Stockton sọ, tí kò jìnnà sí Monrovia, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí a ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. New Georgia ni wọ́n pe ibẹ̀. Àwọn ará Kóńgò wà níbẹ̀, àwọn Ìgbò náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé. Wọ́n gbin gbágùúdá, ànàmọ́ àti ẹ̀fọ́. Kò sí ẹni tí ó dúró tì wọ́n pẹ̀lú pàṣán, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sì gbìn, tirẹ̀ ni. Ọjà kò jìnnà, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó irè wọn gba ojú odò lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà dé kò ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sí, òwò ni wọ́n fẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń wò bí aláìmọ̀kan ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ.

Carey kò pẹ́ láyé tó láti rí i kúnná. Àìsàn mú Ashmun lọ ní oṣù kẹta ọdún 1828, ó sì fi ìlú sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kọkànlá, ìròyìn dé pé wọ́n ti kó ilé ìtajà wọn kan ní Digby. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, bí Carey àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń di ẹ̀tù fún ìbọn, àbẹ́là kan ṣubú, iná ran ẹ̀tù. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó bá a lọ. Carey kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Careysburg.

Lónìí, Monrovia ti tàn dé New Georgia, ilé ni ó sì gba ibi tí ebè wà. Láàárín ọdún 1989 sí 2003, ogun lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wá sínú ìlú náà láìsí òbí. Odò Stockton ṣì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá.