Henry Nott, Bíríkìlà tí ó Kọ́ Èdè Tàhítì

Ní ìlú Bromsgrove, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Henry Nott ní ọdún 1774. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó kọ́. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ẹni tí ó lè rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń to bíríkì yóò di ẹni tí a ó máa rántí nítorí èdè. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mọ ibi tí orí yóò gbé òun dé.

Ní ọdún 1796, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ọgbọ̀n ajíhìnrere lọ sí àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Nott wà nínú wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Duff ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Tàhítì ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1797.

Ìṣòro kìn-ín-ní tí ó dojú kọ wọ́n ni ti ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn ará Tàhítì kò tí ì ní ìwé ní èdè wọn. Àkójọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí àwọn atukọ̀ kan ti ṣe ṣáájú ni àwọn àlejò náà mú dání, àwọn atukọ̀ méjì láti ilẹ̀ Swídìn tí ń gbé ibẹ̀ sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun ní lọ́kàn ni a sọ. Nítorí náà, kò sí olùkọ́ mìíràn fún Nott bí kò ṣe àwọn ará ìlú fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ará Tàhítì bá pàdé ẹnìkejì rẹ̀, ia ora na ni yóò fi kí i, èyí tí í ṣe àdúrà pé kí ó yè. Bí ó bá ń pè é kí ó súnmọ́ ọ̀dọ̀ òun, a ní haere mai. Bí ó bá sì fẹ́ dúpẹ́, a ní maururu. Ìró k kò sí nínú èdè náà rárá; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Ọ̀gákọ̀ James Cook, tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1769, ní Tute.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìdẹkùn pọ̀ lójú ọ̀nà. Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, àwa, ni ó tó fún gbogbo ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Tàhítì. Tātou ni àwa gbogbo pẹ̀lú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Mātou ni àwa láìka ẹni náà mọ́ wa. Bí olùkọ́ kan bá ń gbàdúrà, tí ó sì fi tātou bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ó ti ka Ọlọ́run pàápàá mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀!

Èèwọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ìjòyè ńlá bá gba orúkọ tuntun, àwọn ènìyàn a pa ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orúkọ náà tì. Òru ni pō, ikọ́ sì ni mare. Nígbà tí ìjòyè kan di Pomare, ru'i ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe òru, wọ́n sì ń pe ikọ́ ní hota. Ọ̀rọ̀ tí àlejò kọ́ lánàá lè di èèwọ̀ lónìí.

Kì í ṣe èdè nìkan ni ó le. Ní ọdún 1798, ẹ̀rù ba àwọn ajíhìnrere nítorí pé a kọlu àwọn kan nínú wọn, mọ́kànlá sì sá lọ sí Sydney. Ní ọdún 1808, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Pomare Kejì àti àwọn ọ̀tá rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sì tún lọ. Nígbà méjèèjì, Nott wà lára àwọn tí ó dúró. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìdúró yìí ni ó so èso. Pomare Kejì ti kọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ní èdè rẹ̀, ó sì di olùrànlọ́wọ́ Nott nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ní ọdún 1818 ni a tẹ Ìhìnrere Lúùkù ní erékùṣù Moorea. Ọba kú ní ọdún 1821, ṣùgbọ́n Nott kò dẹwọ́. Ní oṣù kejìlá, ọdún 1835, ó parí ìtumọ̀ Bíbélì, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì tí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ia ora na. A tẹ ìwé náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1838, a sì fi ọ̀kan ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Nott padà sí Tàhítì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1844.

Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni lásán ni ó parí odindi ìwé ńlá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ kékeré, kí ó má sì tijú àṣìsọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.