THOMAS BRASSEY, AGBAṢẸ́ṢE Ọ̀NÀ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni bàbá mi máa ń pa bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ó bá òun kọ́lé ní owó tí kò tó iṣẹ́. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé òwe náà. Mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí wọ́n ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe wá sọ iye tí wọn yóò gbà láti kọ́ yàrá ìkàwé mẹ́ta sí ìlú kan nítòsí wa. Bàbá mi mọ iye tí iṣẹ́ náà yóò jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé ẹlòmíràn yóò gbà á mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá gé owó náà kúrú. Ó rí iṣẹ́ náà gbà. Kí ògiri tó dé ojú fèrèsé, owó ti tán. Àwọn lébìrà wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ Sátidé láti béèrè owó iṣẹ́ wọn. Bàbá mi parí àwọn yàrá náà o, ṣùgbọ́n alùpùpù rẹ̀ ni ó tà sí i, owó ilé-ìwé mi fún sáà kan gbáko sì bá a lọ. Ilé ni mo jókòó sí ní sáà náà. Kí n má purọ́, mo di bàbá mi sínú fún ọdún bíi mélòó kan nítorí rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi sọ èyí ni pé, nígbà tí mo ń wá ìwé mìíràn ní ilé-ìkówèésí Yunifásítì wa, mo ṣe kòńgẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi iye owó dídá lé iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ajé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bi mí léèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ó ti kú láti ọdún 1870. Ní ọdún 1896 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ọkùnrin yìí ti wà nínú sàréè, kò sì lọ́wọ́ sí tiwa rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó tí ó tọ́ sí iṣẹ́ kò mọ Òyìnbó yàtọ̀ sí ènìyàn dúdú.

Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1805 ni a bí Thomas Brassey ní Buerton, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tí ó rí jájẹ ni bàbá rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé títí ó fi di ọmọ ọdún 12, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Chester. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ awọnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ William Lawton. Ọmọ náà tẹpá mọ́ṣẹ́, ó sì ṣe olóòótọ́, débi pé ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ di alábàáṣe ní Birkenhead. Wọ́n ń ṣe bíríkì níbẹ̀, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Òkúta yìí ni ó mú un bá George Stephenson pàdé, ògbóǹtarìgì ẹnjiníà tí ń wá òkúta tí wọn yóò fi kọ́ afárá Sankey ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool dé Manchester.

Ní ọdún 1831 ó fẹ́ Maria Harrison ní ìyàwó. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí obìnrin yìí, nítorí òun ni ó gba ọkọ rẹ̀ níyànjú pé kí ó gbìyànjú iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ní ayé ìgbà náà, ẹnjiníà ni yóò ya àwòrán ọ̀nà, yóò gé e sí apá apá, yóò sì ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ iye tí oníkálukú yóò gbà ránṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni ó sábà ń gba iṣẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Brassey kọ̀wé sí ni afárá Dutton. Kò rí i gbà. William Mackenzie ni ó gbà á, nítorí pé owó tirẹ̀ kéré sí ti Brassey. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìbá padà sídìí òkúta wọn, ṣùgbọ́n Maria kò gbà, ó ní kí ọkọ òun tún gbìyànjú èyí tí ó kàn. Ní ọdún 1835, ó kọ iye tí yóò gbà fún afárá Penkridge, láàárín Stafford àti Wolverhampton, pẹ̀lú máìlì 10 ọ̀nà. Wọ́n gbé e fún un. Ní ọdún 1837 a ṣí afárá náà, ọkọ̀ ojú irin sì ń gba orí rẹ̀ kọjá títí di òní.

Ibi iṣẹ́ yìí ni òun àti Joseph Locke ti di ọ̀rẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ Stephenson ni Locke tẹ́lẹ̀, kí ó tó wá gba ipò ọ̀gá rẹ̀ lórí ọ̀nà náà. Ẹnjiníà tí í máa ń ṣe àlàyé ohun gbogbo fínnífínní kí a tó dá owó lé e ni Locke. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí bí a kò bá sọ fún agbaṣẹ́ṣe bí ilẹ̀ ti rí, àfẹ́sọ́nà lásán ni owó tí yóò dá.

Nígbà tí ó yá, wọ́n pe Locke sí ilẹ̀ Faransé láti la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Paris dé Rouen. Owó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Faransé dá lé iṣẹ́ náà ga jù lójú rẹ̀, ni ó bá ránṣẹ́ sí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá dá tiwọn. Ẹni méjì péré ni ó jẹ́ ìpè náà. Ọ̀kan ni Brassey, èkejì ni William Mackenzie tí ó ti gba iṣẹ́ Dutton mọ́ ọn lọ́wọ́ níjọ́sí! Dípò kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn gé owó sẹ́yìn títí iṣẹ́ yóò fi di òfò, wọ́n pa pọ̀, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́. Ní ọdún 1841 wọ́n gba iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láàárín 1841 sí 1844, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà ní ilẹ̀ Faransé, gígùn gbogbo wọn sì jẹ́ máìlì 437. Brassey kò gbọ́ èdè Faransé, Maria ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó mú mi pa ìwé náà dé kí n sì ronú. Lẹ́yìn ọ̀nà Rouen, wọ́n gba èyí tí ó lọ láti Rouen dé Le Havre. Ní Barentin, wọ́n fi bíríkì kọ́ afárá ńlá kan gba orí àfonífojì kọjá. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, owó tí ó sì jẹ tó nǹkan bí £50,000. Ní oṣù kìíní ọdún 1846, lẹ́yìn tí òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, afárá náà wó lulẹ̀ gbì! Kò sí ẹni tí ó rí ìdí rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí ẹfun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn láti fi to bíríkì. Ìwé àdéhùn ni ó sì pa á láṣẹ pé àdúgbò ibẹ̀ ni kí wọ́n ti ra ẹfun náà. Bí Brassey bá fẹ́ jà, ó ní ohun tí ó lè dì mú. Kò jà. Ó fi owó ara rẹ̀ tún afárá náà kọ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì lo ẹfun tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Afárá kejì yìí ṣì dúró títí di òní.

Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe ń dá owó tí ó kéré, tí kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ? Bí iṣẹ́ ńlá bá bọ́ sí i lọ́wọ́, a pín in fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké. Ti ẹnì kan lè wà láàárín £5,000 sí £25,000. Brassey ni ó ń sọ iye tí iṣẹ́ jẹ́, wọn kì í sì í bá a yọwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń gbẹ́lẹ̀ tí ó wá kan àpáta níbi tí wọ́n ti rò pé amọ̀ ni, Brassey yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó, yóò sì fi owó kún owó náà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó nílò láti fi irọ́ bu owó lé iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Thomas kọ ìwé kan, Work and Wages, ní ọdún 1872, níbi tí ó ti fi ìṣirò iṣẹ́ bàbá rẹ̀ hàn pé owó ọ̀yà tí ó kéré kò sọ iṣẹ́ di olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ebi ń pa kò lè gbẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ó yó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé òrìṣà ni Brassey. Òun náà ṣì í ṣírò. Ní ọdún 1852, òun pẹ̀lú Samuel Peto, Edward Betts àti William Jackson gba iṣẹ́ tí ó tóbi jù láyé rẹ̀, ọ̀nà Grand Trunk ní Kánádà, láti Quebec dé Toronto, máìlì 539. Wọn yóò tún kọ́ afárá Victoria sórí odò St. Lawrence ní Montreal. Òtútù ilẹ̀ náà kì í jẹ́ kí iṣẹ́ lọ déédéé, owó sì ṣòro láti kó jọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1859, ṣùgbọ́n òfò tí ó kan àwọn agbaṣẹ́ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan pọ́n-ún. Wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Kí wọ́n tó parí ti Kánádà pàápàá, ní 1855, òun, Peto àti Betts la ọ̀nà máìlì 7 láàárín ọ̀sẹ̀ 7 ní Balaklava fún àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òtútù àti ebi ń pa lójú ogun Crimea, wọn kò sì jẹ èrè kankan lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1866, ilé owó Overend, Gurney ní Lọ́ńdọ̀nù dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe bá a lọ, Peto sì wà lára wọn. Ìjì náà mi Brassey, ṣùgbọ́n kò wó. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1870 ni ó kú ní St. Leonards, ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sin ín sí Catsfield. Wọ́n ní nígbà tí ó kú, nínú gbogbo máìlì 20 ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó wà láyé, ọwọ́ rẹ̀ ni máìlì kan ti jáde.

Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi nílé, mo jókòó ti bàbá mi, mo sì sọ ìtàn yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi afárá Barentin, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: ó ní ṣé ọkùnrin náà san owó àwọn lébìrà lẹ́ẹ̀mejì, ti èyí tí ó wó àti ti èyí tí wọ́n tún kọ́. Mo ní ó níláti jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí í fi ọ̀fẹ́ to bíríkì. Ó mi orí. Èmi náà wá rí i pé ohun tí mo ti ń dì sínú sí i láti ọjọ́ yìí, apá kan péré ni mo rí nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ṣì í dá owó. Ṣùgbọ́n kò fi ògiri sílẹ̀ ní ìlàjì, kò sì sí lébìrà kan tí ó jẹ ní gbèsè títí di òní. Àwọn ọmọ ṣì ń kàwé nínú yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan wá pè é sí iṣẹ́ ilé. Bàbá mi wọn ilẹ̀, ó ṣírò, ó sì dárúkọ iye rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó ti wọ́n jù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi kò pè é padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fúnni tàbí ẹni tí ń gba iṣẹ́ ṣe. Bí ìwé iye owó méjì bá wà níwájú wa, tí ọ̀kan kéré jọjọ sí èkejì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ta ni yóò san ohun tí ó kù. Bí a kò bá béèrè, lébìrà ni yóò san án, tàbí ọmọ bíríkìlà tí yóò jókòó sílé fún sáà kan.