Elijah McCoy, Ẹni Tó Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Máa Mu Ọ́ìlì Fúnra Rẹ̀

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni Elijah McCoy. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe olórin. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló fi di olókìkí, ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì.

Colchester ni wọ́n bí i sí, ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 1844. George ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Mildred. Ẹrú ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sá kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sá ni wọ́n ń pè ní Underground Railroad, bí ẹni sọ pé rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin gidi o, kò sì sí lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn èèyàn rere ló máa ń fi àwọn tó ń sá pamọ́ sínú ilé wọn, láti ìlú kan dé òmíràn, títí wọ́n á fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè sọ wọ́n di ẹrú mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé rélùwéè tí kì í ṣe rélùwéè ló gba àwọn òbí yìí là, tí ọmọ wọn sì wá lọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè gidi. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbé ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan.

Nígbà tí Elijah di ọmọ ọdún 15, àwọn òbí rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Edinburgh, ní Scotland, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rò ó wò ná. Ọdún mẹ́rin péré ló fi jù mí lọ, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Èmi, tí n bá dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí láíbìrì, màmá mi á ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó débẹ̀. Elijah kọ́ṣẹ́ náà yanjú, ó di ẹnjiníà.

Ó padà sí Michigan, ó wá iṣẹ́ ẹnjiníà, kò rí. Torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rélùwéè Michigan Central gbé fún un ni pé kó máa kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, kó sì máa da ọ́ìlì sí ara ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ dídà ọ́ìlì yẹn dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ló ń fi ara ha irin. Tí kò bá sí ọ́ìlì láàárín wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á máa jẹ ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́kì. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin ní láti máa dúró lóòrèkóòrè kí ẹnì kan lè bọ́ sílẹ̀, kó máa da ọ́ìlì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tó bá dà á tán, wọ́n á lọ díẹ̀, wọ́n á tún dúró. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fún Elijah nìyẹn, òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀! Ká ní èmi ni, inú á bí mi débi pé n ò ní wo ẹ́ńjìnnì yẹn lójú mọ́.

Ṣùgbọ́n òun ń wò ó. Ooru omi ló ń ti písítìn ọkọ̀ náà lọ síwá-sẹ́yìn, Elijah sì rí i pé ooru omi yẹn náà lè ti ọ́ìlì. Ó ní ibi iṣẹ́ kékeré kan nílé, ibẹ̀ ló ti ṣe ife kan tí wọ́n máa ń gbé sára ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì wà nínú ife náà, páìpù sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, agbára ooru omi á ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì, á máa wọlé síbi tó yẹ. Wọn ò ní láti dá ọkọ̀ dúró mọ́ torí ọ́ìlì. Ní oṣù Keje ọdún 1872, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn kan náà ni Ann, ìyàwó rẹ̀, kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ Mary Delaney, wọ́n sì kó lọ sí Detroit nígbà tó yá.

Pátẹ́ǹtì tó gbà láyé rẹ̀ lé ní 50. Ó ṣe tábìlì ìlọṣọ kan, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló ṣe é. Kó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tì pupa tí àǹkù mi ní. Kì í jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlìkọ́ìlì sí i. Ó fi ike ọ́ìlì rẹ̀ hàn mí, wọ́n kọ 5W-30 sára rẹ̀. W yẹn dúró fún winter, ìgbà òtútù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ọ́ìlì náà á ṣe ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, èkejì ń sọ bó ṣe máa ki tó nígbà tó bá gbóná. Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ń sáré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣe wàhálà ju ti mọ́tò tí a fi ń lọ sọ́jà lọ. Tí ọ́ìlì bá fúyẹ́ jù, kò ní lè pín irin níyà. Tó bá ki jù, kò ní tètè gòkè láàárọ̀ òtútù. Ìwé tó bá mọ́tò wá láti iléeṣẹ́ ló ń sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dé bá rélùwéè. Wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí ooru omi rẹ̀ gbóná ju ti àtijọ́ lọ, ọ́ìlì lásán ò lè fara da ooru yẹn. Wọ́n wá ń po gíráfáìtì mọ́ ọn, ìyẹn nǹkan dúdú inú pẹ́ńsùlù, torí ó máa ń yọ̀. Àmọ́ gíráfáìtì máa ń dí ọ̀nà ọ́ìlì. Elijah ló ṣe irú èyí tí kì í tètè dí, ó sì gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́dún 1915, nígbà tó ti tó ẹni 70 ọdún.

Ohun tó dùn mí ni pé kò lówó tó lè fi dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún àwọn tó lówó, àwọn ló sì ń ṣe é tà, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1920 ló tó dá iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní Detroit. Lọ́dún 1922, jàǹbá mọ́tò ṣẹlẹ̀ sí òun àti Mary. Mary kú, ara Elijah náà ò sì yá dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929, lẹ́ni ọdún 85.

Àwọn kan ní torí rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ojúlówó nǹkan ní the real McCoy. N kò gbà á. Àwọn ará Scotland ti ń sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ Mackay lọ́dún 1856, ọmọdé sì ni Elijah nígbà yẹn. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Lọ́dún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ọ́físì pátẹ́ǹtì kan sí Detroit, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó jìnnà sí olú ọ́físì wọn, orúkọ Elijah J. McCoy ni wọ́n sì fún un.

Mo ti ya àwòrán ife ọ́ìlì yẹn pẹ̀lú páìpù rẹ̀. Ó wà lára ògiri kíláàsì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.