Gandhi àti Àdúrà Ojoojúmọ́

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ó tó bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn a kírun, ẹlòmíràn a kó ọmọ àti aya jọ fún àdúrà, ẹlòmíràn a sì fi obì àti omi tútù bọ orí rẹ̀. Bákan náà ni ó rí láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà. Púpọ̀ nínú wọn ní ojúbọ kékeré nínú ilé. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán, wọn a tan fìtílà, wọn a sì gbé òdòdó síwájú òrìṣà wọn. Láàrin irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a bí Mohandas Karamchand Gandhi ní ìlú Porbandar, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1869.

Olórí ìjòyè ọba ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Putlibai, ìyá rẹ̀, ni ó gbin ìfọkànsìn sí i lọ́kàn. Ní àkókò òjò kan, obìnrin yìí jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í jẹun lọ́jọ́ tí òun kò bá fojú rí oòrùn. Àwọn ọmọ a dúró níta, wọn a máa wo ojú ọ̀run. Bí oòrùn bá yọ, wọn a sáré pè é. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, ìkúùkù a ti tún bò ó. Ìyá náà kì í bínú. A gbà pé kò wu Ọlọ́run kí òun jẹun lọ́jọ́ náà, a sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ojo ni Gandhi nígbà èwe. Ó bẹ̀rù òkùnkùn, ejò, olè àti iwin. Rambha, obìnrin tí ń tọ́jú rẹ̀, kọ́ ọ pé kí ó máa pe Rama, ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn Híńdù fi ń pe Ọlọ́run, nígbàkígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Irúgbìn náà kò ṣòfò. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, orúkọ yìí ni ó di odi agbára rẹ̀.

Ní ọdún 1888, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ka Gita, ìwé mímọ́ àwọn baba rẹ̀, ojú sì tì í pé òun kò tí ì kà á rí nílé. Nígbà tí ó di agbẹjọ́rò ní Gúúsù Áfíríkà, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè púpọ̀. Nítorí náà, ó ń lẹ ẹsẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri, a sì máa kọ́ ọ sórí ní ìṣẹ́jú 15 tí ó fi ń fọ eyín. Ní ìṣẹ́jú 20 tí ó fi ń wẹ̀, a máa tún èyí tí ó ti mọ̀ kà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nínú orí 18 tí ó wà nínú ìwé náà, ó mọ orí 13 lórí.

Ó padà sí Íńdíà ní ọdún 1915. Ní ibùdó rẹ̀ létí odò Sabarmati, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti gbàdúrà ní gbangba, láìsí ère kankan níwájú wọn. Wọn a tún péjọ nírọ̀lẹ́. Bí ó ti ń gbàdúrà ni ó ń ran òwú bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láyé àtijọ́, nítorí ó ka iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá sí ìjọsìn.

Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà pín sí méjì, àwọn Híńdù, Mùsùlùmí àti Sikh sì ń pa ara wọn. Síbẹ̀, Gandhi ń jẹ́ kí a ka Kùránì níbi àdúrà rẹ̀. Èyí bí àwọn Híńdù kan nínú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 78, ó bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ nítorí àlàáfíà. Kò ṣínu títí di ọjọ́ 18, nígbà tí àwọn aṣáájú ìhà gbogbo ṣèlérí pé ìjà yóò dópin ní Delhi.

Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ó ń yára lọ síbi àdúrà, nítorí kò fẹ́ràn kí ó pẹ́ dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan wá síwájú rẹ̀, ó sì yìn ín níbọn lẹ́ẹ̀mẹta. Apànìyàn náà kì í ṣe àjèjì, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Híńdù bíi tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn kan náà. Ọ̀kan jẹ́ kí àdúrà rẹ̀ gba aládùúgbò mọ́ra. Èkejì rò pé ìbọn ni ó yẹ kí òun fi gbèjà ẹ̀sìn. Ní Ìbàràpá wa, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà ń gbé nínú agboolé kan náà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la, ẹ rántí ẹni tí ó wà ní yàrá kejì.