Ìtàn Ìgbésí Ayé Mojọlá Agbebi (1860–1917)

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther láàrin wa. Ṣùgbọ́n ti Mojọlá Agbebi ti ń di ìgbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ní ìgbà ayé rẹ̀ ni ó ní ìgboyà bíi tirẹ̀ láti bèèrè ohun tí Ìjọ Ọlọ́run jẹ́, iṣẹ́ tí a rán an sí ayé, àti ẹni tí ó ni ín.

Ilẹ́ṣà ni a bí i sí ní ọdún 1860. Katikísì C.M.S. ni bàbá rẹ̀, David Brown Vincent sì ni orúkọ tí a fi fún ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó darapọ̀ mọ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó.

Ó yẹ kí a mọ irú ìjọ tí ó wọ̀. Ní 1850 ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà mú un wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn ní 1861, owó kò wọlé dáadáa mọ́, àwọn òyìnbó náà sì ń padà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1869, wọ́n ti lọ tán. Fún bí ọdún mẹ́fà, àwọn ènìyàn dúdú nìkan ni ó ń bójú tó agbo. Ní Èkó, opó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sarah Harden ni kò jẹ́ kí iná náà kú. Nígbà tí àwọn òyìnbó padà dé ní 1875, wọ́n bá ìjọ náà láàyè, wọ́n sì tún gba àkóso rẹ̀.

Abájọ tí ìjà fi dé. Ní 1888, òyìnbó tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà yọ Olùṣọ́-àgùntàn Moses Ladejo Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láì fi lọ ìjọ. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer lẹ́yìn náà. Vincent wà lára àwọn aṣáájú wọn. Owó ara wọn ni wọ́n fi gbé e ró.

Ní 1894 ó pa orúkọ David Brown Vincent tì, ó di Mojọlá Agbebi. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀ níbi gbogbo, àní títí dé Ìlú Ọba. Ó tún mú ìhìnrere lọ sí agbègbè ẹnu odò Ọya, níbi tí ó ti gbin àwọn ìjọ.

Ní oṣù December 1902, Ìjọ Áfíríkà, tí ó ti ya kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní ọdún tí ó ṣáájú, pè é láti wàásù. Ìwàásù náà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀ ní òkèèrè. Ó kọ́ wọn pé ìwé orin òyìnbó, dùùrù, ẹ̀wù funfun àwọn akọrin àti orúkọ àjèjì kì í ṣe ìhìnrere. Ẹrù ẹni tí ó gbé ìhìnrere wá ni wọ́n. Ìjọ tí a rán sí gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ sọ fún orílẹ̀-èdè kankan pé kí ó má jẹ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ó le díẹ̀ jù ní ti orin, nítorí mélòó nínú àwọn àgbà wa ni ó lè gbàgbé orin tí wọ́n kọ́ ní kékeré? Ṣùgbọ́n ìlú tí ń dá owó dùùrù nígbà tí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ń jò, ìwàásù rẹ̀ bá a wí.

Ní 1911 ó kọ ìwé sí àpérò gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ayé tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbèjà àṣà wa níbẹ̀.

Kì í ṣe oníjà lásán. Ní 1914, lẹ́yìn ọdún 26, àwọn tí ó jáde àti àwọn tí ó dúró, pẹ̀lú àwọn òyìnbó, pàdé ní Ìbàdàn, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀. Agbebi ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni ó fi wà láàyè lẹ́yìn èyí. Ó kú ní 1917. Ẹgbẹ́ náà ni ó di Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà lónìí, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ebenezer àti ìjọ tí ó ti ya jáde sì wà ní Èkó di òní.